Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Wo Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Marseille àti Paris Saint-Germain ní Pápá Vélodrome

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Olympique de Marseille àti Paris Saint-Germain máa ń pàdé nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Faransé láàárín sáà kan, ẹ̀ẹ̀kan ní Marseille, ẹ̀ẹ̀kan ní Paris, kò sì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà tí àwọn èèyàn ń ka ọjọ́ dè tó bẹ́ẹ̀. Ti Marseille ni mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lé lórí, nítorí pé pápá Vélodrome gba èèyàn tó lé ní 67,000, nígbà tí Parc des Princes ti Paris kò gbà ju nǹkan bí 48,000 lọ, àti nítorí pé gbogbo ìlú Marseille ló máa ń gbé ọjọ́ náà sórí láti òwúrọ̀ títí di òru. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní láti ṣètò fisà, tíkẹ́ẹ̀tì, ibùsùn àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, ìyẹn ni apá ibi tí ẹ fẹ́ jókòó sí nínú pápá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilé góòlù àti ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá kì í wo eré kan náà, bí èsì tí wọ́n gbé lọ sílé tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ó dára kí ẹ mọ ohun tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì, torí pé inú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà ti wá. Ọdún 1899 ni wọ́n dá Marseille sílẹ̀. Paris Saint-Germain kò sí láyé títí di ọdún 1970. Orogún gidi kò tíì sí láàárín wọn títí tí oníṣòwò Bernard Tapie fi gba àkóso Marseille ní 1986, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Canal+ sì gba ti Paris ní 1991. Ní ọjọ́ 5 oṣù May, ọdún 1989, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ń du ife líìgì, Franck Sauzée ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn wọ àwọ̀n Paris nígbà tí eré ti fẹ́ tán pátápátá, góòlù kan ṣoṣo yẹn ló sì la ọ̀nà ife náà fún Marseille. Ní ọjọ́ 26 oṣù May, ọdún 1993, ní ìlú Munich, Abedi Pele ọmọ Ghana gbá kọ́nà, Basile Boli fi orí kàn án wọlé, Marseille sì na AC Milan ní 1-0 láti di ẹgbẹ́ Faransé àkọ́kọ́ tó gba ife àwọn aṣáájú ilẹ̀ Yúróòpù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Paris wá sí Vélodrome, Marseille tún nà wọ́n ní 3-1, Boli yìí kan náà sì tún fi orí gbá ọ̀kan wọlé. Wọ́n gba ife líìgì ọdún yẹn padà lọ́wọ́ Marseille nítorí ẹ̀sùn owó ẹ̀yìn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Valenciennes, ṣùgbọ́n ife Yúróòpù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ títí láé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà tún fi gbóná sí i láti ọdún 2025, nígbà tí Paris lọ sí Munich kan náà, tí wọ́n na Inter ní 5-0, tí àwọn náà sì gba ife ọ̀hún. Láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò láti Qatar ti ra Paris ní 2011, owó ti gbé ẹgbẹ́ náà kọjá gbogbo àwọn yòókù nínú líìgì, nígbà tí ife líìgì tí Marseille gbà kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2010. Àwa náà ní ọwọ́ nínú ìyẹn. Taye Taiwo, ọmọ bíbí Èkó, ló ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ní apá òsì fún Marseille lọ́dún yẹn, ó sì lo láti 2005 sí 2011 níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Paris, Jay-Jay Okocha ló wà níbẹ̀ láti 1998 sí 2002, Stéphane Sessègnon ọmọ Benin sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó jókòó tì yín ní Vélodrome sọ̀rọ̀, tí Faransé yín kò sì pọ̀, ẹ dárúkọ Taiwo.

Yíyan ọjọ́ àti bí a ṣe ń ṣọ́ra fún ìyípadà

Ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú líìgì náà láti sáà 2023 sí 2024, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Faransé, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń gbé àtòjọ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àtòjọ náà máa ń sọ. Ọjọ́ gan-an àti aago gan-an kì í jáde títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún tẹlifíṣàn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní aago 8:45, ni wọ́n sábà máa ń fi ti Marseille àti Paris sí. Nígbà òtútù, aago Faransé àti ti Nàìjíríà bára mu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti Faransé fi wákàtí kan ṣáájú.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí kò ṣeé yí padà kí ọjọ́ náà tó fìdí múlẹ̀. Kódà lẹ́yìn tó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan kún un lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù September ọdún 2025 jẹ́ ẹ̀rí. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21, ló yẹ kí wọ́n gbá a, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ jáde pé òjò líle àti ìjì ń bọ̀ lórí Marseille, àwọn aláṣẹ sì sún eré náà sí alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní láti yan ọ̀kan nínú méjì, kó pàdánù owó ọkọ̀ tàbí kó pàdánù eré. Ẹni tó lè dúró sì rí ohun tí ojú ti ń wá tipẹ́: ní ìṣẹ́jú 5, Mason Greenwood ti Marseille gbé bọ́ọ̀lù sókè sí iwájú ilé, aṣọ́lé Paris, Lucas Chevalier, na ọwọ́ sí i ṣùgbọ́n kò rí i mú, Nayef Aguerd sì fi orí kàn án wọlé. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn, 1-0, ìgbà àkọ́kọ́ tí Marseille na Paris ní Vélodrome nínú líìgì láti oṣù November ọdún 2011. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn fi kún ìrìn àjò rẹ̀ ni ó fi rí ohun tí wọn kò rí fún ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14.

Ní ti fisà, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò fisà Schengen ti ìgbà kúkúrú, ìwé àṣẹ gbígbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ìwé yín sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré tán ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 sí i, owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó kó ìtọ́jú ìlera dé 30,000 yúrò. Nítorí pé ọjọ́ gan-an kì í tètè jáde, ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ náà láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun sínú ìwé ìbéèrè yín, kí ìyípadà má baà bá yín lójijì.

Ibi tí ẹ máa jókòó sí

Apá mẹ́rin ni Vélodrome ní. Méjì wà lẹ́yìn ilé góòlù, wọ́n ń pè wọ́n ní Virage Nord àti Virage Sud. Méjì yòókù wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn pápá, Jean Bouin ní ìwọ̀ oòrùn àti Ganay ní ìlà oòrùn.

Àwọn Virage ni ọkàn pápá náà. Níbẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tirẹ̀, ìlù tirẹ̀ àti ẹni tí ń darí orin fún wọn: Commando Ultra 84 àti South Winners wà ní gúúsù, Fanatics àti Marseille Trop Puissant sì wà ní àríwá. Ẹ máa dá South Winners mọ̀ láti òkèèrè nítorí aṣọ wọn tó pọ́n bí ọsàn. Ní ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ìdúró ni fún gbogbo eré, ọwọ́ ní láti lọ sókè nígbà tí adarí bá ní kó lọ sókè, àsíá ńlá sì lè bo ojú yín fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù dáadáa, tàbí tó mú ọmọdé dání, kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ti san owó sáà kan gbáko ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo Virage tán, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Jean Bouin ni wọ́n ń fi àwọn èèyàn pàtàkì àti àwọn oníròyìn sí, ó sì wọ́n. Ní tèmi, Ganay ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ wá. Láti ibẹ̀, ẹ ó rí pápá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí Virage méjèèjì pa pọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé nígbà tí ariwo bá dé góńgó, Virage kan á pe orin, yóò dákẹ́, èkejì á dá a lóhùn láti òdìkejì pápá, ohùn náà á máa kọjá lórí yín lọ, á tún padà bọ̀. Ẹni tó wà nínú Virage kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn tirẹ̀ ló bo gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2014 tí wọ́n ti fi òrùlé bo àwọn ìjókòó, ariwo yẹn kì í tú dànù mọ́, ẹ̀fúùfù líle tí wọ́n ń pè ní mistral kì í sì í já wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀.

Orí ìkànnì ẹgbẹ́ Marseille fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti san owó sáà ló ń kọ́kọ́ rà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé wọn, ohun tó bá kù ni wọ́n ń tà fún gbogbo ayé, ó sì lè tán láàárín ìgbà díẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà nígbà yẹn, ẹ má sọ ìrètí nù: ẹgbẹ́ náà ní ọjà àtúntà tirẹ̀, níbi tí ẹni tó ti san owó sáà ṣùgbọ́n tí kò ní lè wá ti lè fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún títà, púpọ̀ nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sì máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn gan-an. Ẹ máa yọjú síbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má ṣe rà lọ́wọ́ ẹni tó dúró lójú pópó. Láti ọdún 2012, òfin Faransé ti fi ìjìyà lé títún tíkẹ́ẹ̀tì tà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò eré, èyí tó sì burú jù fún olùrà ni pé tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí wọ́n ti lò kì í ṣí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tó bá jẹ́ olólùfẹ́ Paris. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, àwọn aláṣẹ ìjọba ti máa ń fi òfin dè é pé kí alátìlẹ́yìn Paris kankan má wá sí Marseille lọ́jọ́ yìí, òfin náà sì máa ń kan àyíká pápá àti àárín ìlú pẹ̀lú. Ẹ má fi ẹ̀wù Paris sínú báàgì pẹ̀lú èrò pé ẹ ó wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá borí. Ẹ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì ní Parc des Princes, níbi tí ẹ ti lè yọ̀ láìbẹ̀rù.

Dídé ìlú àti dídé pápá

Láti Èkó, Paris ni ẹni tó bá wọ Air France máa ń balẹ̀ sí. Ibùdó rélùwéè wà nínú pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle gan-an, rélùwéè tó ń sáré bí àṣá sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Marseille tààrà láìwọ àárín Paris. Láti àárín Paris, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Ibùdó Saint-Charles ni gbogbo wọn ń dé, lórí òkè, ẹ ó sì rí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de la Garde lókèèrè bí ẹ bá dúró lórí àtẹ̀gùn ńlá tó wà níwájú ibùdó náà.

Ẹ wá ibùsùn tó sún mọ́ ọ̀nà kejì rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, nítorí òun ló ń ti Saint-Charles lọ sí pápá láìyí ọkọ̀ padà. Ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Sainte-Marguerite Dromel. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà nìyí, wọn á bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí èrò bá ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti Virage Nord tàbí Jean Bouin, Rond-Point du Prado ni kí ẹ ti sọ̀. Bó bá jẹ́ ti Virage Sud tàbí Ganay, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí dé Dromel tó jẹ́ òpin ọ̀nà náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa yí pápá po láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn, àwọn ọlọ́pàá sì lè ti dí apá kan nínú ọ̀nà náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ jẹun ní àárín ìlú. Ní àdúgbò Noailles, tí ọjà Capucins wà, ẹ ó rí àwọn tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà, àti iṣu àti ata tí ojú yín mọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà pápá, búrẹ́dì tí wọ́n fi sọ́séèjì merguez sínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń tà jù. Nínú pápá, ẹ má retí ọtí gidi ní ìjókòó gbogboògbò, òfin ọdún 1991 kò fàyè gbà á, ẹni tó bá sì ti yó dé ẹnu ọ̀nà kò ní wọlé. Ẹ fi báàgì ńlá, ìgò àti agolo sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìwé ìdánimọ̀ yín gbọ́dọ̀ wà lápò, kí iná fóònù yín sì kún, torí inú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ ó rí iná pupa àti èéfín nínú àwọn Virage. Ẹ má bá wọn fọwọ́ kàn án, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ìtanràn 15,000 yúrò ni òfin kọ sí i.

Ẹ wà lórí ìjókòó yín ó kéré tán ìṣẹ́jú 45 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí kìíní ni àwòrán ńlá tí àwọn Virage máa ń fi ìwé aláràbarà yà: olúkúlùkù ló máa bá ìwé lórí ìjókòó rẹ̀, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá sì jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri èèyàn á di àwòrán, yóò sì tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí kejì wà nínú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí sábà máa ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù October ọdún 2024, João Neves gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Paris ní ìṣẹ́jú 7, Amine Harit ti Marseille gba káàdì pupa ní ìṣẹ́jú 20, Paris sì ti fi 3-0 ṣíwájú kí ìsinmi tó dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, góòlù Aguerd wọlé ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ ní ìgbà méjèèjì, ariwo ló gbọ́.

Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú yín máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nìkan, torí ìyẹn ni tẹlifíṣàn ń fi hàn yín nílé. Ẹ wo ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Paris dúró sí nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ní bọ́ọ̀lù. Ní àwọn sáà tó kọjá yìí, wọ́n máa ń gòkè gan-an, Achraf Hakimi pàápàá, tó fi jẹ́ pé àyè gbalasa á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àyè yẹn sì ni Marseille máa ń wá nígbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù. Láti Ganay, ẹ ó rí àyè náà kí agbábọ́ọ̀lù tó sá wọ inú rẹ̀. Ẹ tún wo Vitinha, agbábọ́ọ̀lù àárín Paris, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tí Marseille bá rán tọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kó yíjú síwájú, Paris á máa pín bọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n, ariwo pápá á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá dí i mọ́, ẹ ó gbọ́ bí súfèé èèyàn tó lé ní 60,000 ṣe ń bo gbogbo bọ́ọ̀lù tí Paris bá dá padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí fèrè bá dún, nǹkan bí aago 10:40, ẹ má sáré lọ sí Rond-Point du Prado. Gbogbo èèyàn ló ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí èrò má baà pọ̀ jù nísàlẹ̀. Ẹ gba òpópónà Prado lọ sí àríwá, ọ̀nà náà gùn gbọọrọ lábẹ́ àwọn igi, títí tí ẹ ó fi dé Castellane, níbi tí ọ̀nà kìíní àti ìkejì rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ti pàdé. Kò ju bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 lọ fún ẹni tó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí Marseille bá borí, ẹ má ronú nípa takisí rárá, nítorí àwọn èèyàn á ti kún Vieux-Port, èbúté àtijọ́ tó wà ní àárín ìlú, àti gbogbo ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní lè kọjá títí òru á fi jìn.